Omi Funfun Lóṣù Ààwẹ̀

Láyé ìgbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba, sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n gógó, bí ẹ bá gbé kíráńkì ẹ́ńjìnnì wọ Ìwó, kò sí ẹni tí yóò bi yín léèrè ibi tí ẹ ń lọ. Ọ̀nà ilé iṣẹ́ Rájí Sàlàkọ́ ni wọn yóò nawọ́ sí. Kíráńkì ni irin wíwọ́ tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, tó ń gbé agbára rẹ̀ jáde. Tí ọrùn rẹ̀ bá ti jẹ, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í lù gbì gbì bí ẹni tó ń gún iyán, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi dákẹ́. Iṣẹ́ Rájí ni láti lọ ọrùn yẹn padà títí yóò fi rí roboto, tí yóò sì dán. Ẹ̀rọ àlòkù kan ṣoṣo ló fi ń ṣe é, òkúta kan tó rí roboto ló sì ń yí lórí ẹ̀rọ náà tó ń jẹ irin díẹ̀díẹ̀.

Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ máa ń rò pé òkúta yẹn ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Irọ́ ni. Omi ló ń ṣe é. Rájí a máa po òróró kan mọ́ omi, omi náà á funfun bíi wàrà, á máa ṣàn láti ẹnu páìpù kékeré kan sí ojú ibi tí òkúta ti ń kan irin. Láìsí omi yẹn, irin á gbóná, á jóná lára, ojú lásán kò sì ní tètè rí i. Ọ̀gá Sunday, ẹni tó kọ́ Rájí níṣẹ́ ní Ìbàdàn, ti sọ ọ́ sí i létí títí ó fi sú u. "Rájí, tó o bá rí àwọ̀ búlúù lára irin, má sọ pé àwọ̀ lásán ni. Ó ti wọnú."

Ọ̀gá Sunday yìí náà ló fún un ní ọ̀pá irin kékeré kan lọ́jọ́ tó gba fírídọ́ọ̀mù. Dáyámọ́ńdì kan tí kò tó ẹyọ ìrẹsì wà lórí ọ̀pá náà, idẹ yíyọ́ ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Òun ni Rájí fi ń pọ́n òkúta ẹ̀rọ, torí òkúta náà máa ń kú bí ọ̀bẹ ṣe ń kú. Tó bá ti kú, kò ní jẹ irin mọ́, yóò kàn máa fara ha á, tí ooru á máa pọ̀ sí i. Ọ̀pá yìí náà kò fẹ́ gbígbóná rárá. "Idẹ ló di dáyámọ́ńdì mú," ni Ọ̀gá Sunday wí. "Tí idẹ bá ti gbóná jù, á jù ú sílẹ̀." Nígbà tí à ń wí yìí, èèyàn lè wá gbogbo Òṣogbo títí kó má rí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ rà.

Rájí mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn kí n tó sọ èyí tó kù. Ohun tí kò mọ̀ ni kéú, ohun tó sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù láyé nìyẹn. Ọmọdé ló wà tó ti fi ilé kéú sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní agboolé ti di aáfà, wọ́n ń wé láwàní, òun ń wé àkísà olóróró mọ́wọ́. Ojú ń tì í láti béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n má baà sọ pé ọmọ Sàlàkọ́ kò mọ ohun tí ọmọ kékeré mọ̀. Nítorí náà, ibikíbi tí ẹ̀sìn bá ti rú u lójú, èyí tó le jù ló máa ń mú, lọ́kàn rẹ̀ pé bó bá ṣe le tó ni ẹ̀san rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Ó ń ni ara rẹ̀ lára, ó sì ń pè é ní ìbẹ̀rù Ọlọ́hun.

Bí oṣù ààwẹ̀ ṣe wọlé lọ́dún náà, oòrùn ń jó bí iná, òjò kọ̀, kò rọ̀. Rájí wà nídìí ẹ̀rọ, òkúta ń yí, omi funfun sì ń ta. Kò sí bí òkúta ṣe lè máa sáré bẹ́ẹ̀ kí omi má fò. Ó ń ta sí i láyà, ó ń ta sí i lójú, ó ń bà lé e ní ètè. Rájí tutọ́ títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Ó fi aṣọ dí ẹnu, aṣọ náà tutù, ó tún ń tọ́ òróró wò láti ara aṣọ. Àyà rẹ̀ já. Ó rò ó pé ààwẹ̀ òun ti ń bàjẹ́ lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé òun jẹ, láìjẹ́ pé òun mu.

Ìbéèrè kan ni, gbólóhùn kan péré. Mọ́ṣáláṣí kò jìnnà sí ilé iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń bá àwọn aáfà kírun níbẹ̀ lójoojúmọ́. Kò béèrè. Ó na ọwọ́ sí ẹnu páìpù, ó yí i títí omi fi dẹ́kun ṣíṣàn, tó wá ń kán tó, tó, tó. Ìkùukùu funfun yẹn lọ sílẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ wọ̀ọ̀.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn lọ́jọ́ tí Kùdírátù gbé kíráńkì tirẹ̀ dé láti Olúpọ̀nnà.

Kùdírátù ni ẹ̀gbọ́n Rájí, ìyá kan náà ló bí wọn. Rájí ṣì ń rá kòrò nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀yìn Kùdírátù ló sì gbé dàgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó pọ̀n ọ́n náà kò tíì ní ọmú láyà. Òun ló mú un dé Ìbàdàn lọ bá Ọ̀gá Sunday. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní Olúpọ̀nnà, ó fi ẹ̀rọ ìlọta tó jogún bọ́ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ràhámọ̀tù, àwọn èèyàn sì sọ ọ́ ní Ìyá Ẹlẹ́rọ. Èlùbọ́ ni, àgbàdo ni, ẹ̀wà ni, kò sí ohun tí kò lọ̀. Bí ó bá ti rí Rájí, oríkì rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pè.

"Àlàó! Àlàó ọmọ mi!"

Rájí dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ olóróró náà. "Ẹ kú ààwẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé àlàáfíà lẹ dé?"

"Àlàáfíà kọ́. Ẹ́ńjìnnì mi ti ń lù, Fátókun mẹkáníìkì ní kíráńkì ni. Ṣé o mọ̀ pé àwọn obìnrin wa ń fi ẹsẹ̀ ru èlùbọ́ lọ sí Ilé-Ogbó láti lọ lọ̀ ọ́ báyìí? Pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu! Ojú ń tì mí, Àlàó."

"Ẹ fi sílẹ̀. Tó bá dọ̀la, mo máa—"

"N kò ní fi sílẹ̀. Jẹ́ n lọ kí àwọn ará ilé wa. Tí mo bá padà dé, màá gbé e lọ."

Ta ni Rájí tí yóò sọ fún ẹni tó pọ̀n ọ́n pé rárá? Ó ti àwọn iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ sẹ́yìn, ó gbé kíráńkì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sórí ẹ̀rọ. Ayọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ kí Kùdírátù padà bá a pé iṣẹ́ ti parí, kó sì wúre fún òun.

Ó lọ àwọn ọrùn tó kọ́kọ́ kàn, wọ́n sì dára. Ó wá ku ọrùn tó sún mọ́ kẹ̀kẹ́ irin ńlá, ìyẹn kẹ̀kẹ́ wíwúwo tó máa ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ ni òkúta ẹ̀rọ ti kú. Rájí mú ọ̀pá dáyámọ́ńdì, ó fi ń pọ́n òkúta náà, omi ń kán tó, tó, tó. Ó gbọ́ tín! Nígbà tó máa wo orí ọ̀pá, ihò kékeré kan ló kù níbẹ̀. Idẹ ti gbóná, ó ti ju dáyámọ́ńdì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá Sunday ti wí. Rájí kúnlẹ̀, ó fi ìka tú ẹrẹ̀ dúdú ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, kò rí nǹkan kan.

Bó bá jẹ́ kíráńkì ẹlòmíràn ni, ó ṣeé ṣe kó dáwọ́ dúró. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, oòrùn ń lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì lè dé nígbàkígbà. Ọrùn kan péré ló kù. Ó gbé òkúta tó ti kú lé e, ó sì ń rọra tì í. Òkúta náà ń han bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dì mú. Nígbà tó fà á kúrò, àwọ̀ búlúù kan yí ọrùn irin náà ká bí òrùka.

Rájí dúró, ó ń wò ó. Ohùn Ọ̀gá Sunday sọ sí i létí, ó sì gbọ́ ọ kedere, ẹ má jẹ́ ká parọ́ fún un. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, pé kò lè jinlẹ̀. Ó mú sáńpépà, ó ta òróró sí i, ó fi ń fa ọrùn náà títí búlúù fi pòórá, tí irin sì ń tàn yinrin. Bó ṣe nu ọwọ́ báyìí ni Kùdírátù wọlé.

"Ó ti parí?"

"Ó ti parí, ẹ̀gbọ́n mi."

Kùdírátù jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó máa ń jókòó sí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ọrùn kíráńkì náà lára. "Wò ó bó ṣe dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun! Ọwọ́ rẹ kò ní rọ, Àlàó. Ọlọ́hun á gbà á láàwẹ̀."

"Àmín," ni Rájí wí.

Fátókun to ẹ́ńjìnnì náà padà, ó sì dún geere. Olúpọ̀nnà rí èlùbọ́ lọ̀, wọ́n rí ògì mu ní sààrì. Kùdírátù ń ránṣẹ́ ìdúpẹ́ lemọ́lemọ́. Nígbà tí ọdún ìtùnu ààwẹ̀ dé, ó fi odindi àpò èlùbọ́ ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀. Ọkàn Rájí balẹ̀. Ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́fà tí àwọn olùfọkànsìn máa ń gbà lẹ́yìn ọdún, kó lè ká oṣù náà nílẹ̀ dáadáa. Ẹnu páìpù ṣì wà bó ṣe yí i sí.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Fátókun yọ, ó gbé àpò kan léjìká. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Bùọ̀dá Rájí, ẹ jókòó."

"Kí n jókòó fún kí ni? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kíráńkì já lánàá, ní ọrùn tó sún mọ́ kẹ̀kẹ́ irin. Kẹ̀kẹ́ náà já bọ́, ó ń yí lọ. Ìyá Ẹlẹ́rọ ló wà lọ́nà ibẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń kó èlùbọ́ jọ."

"Ṣé ó bà wọ́n?"

"Ó bà wọ́n. A gbé wọn, a ń sáré bọ̀ ní ọsibítù. A ò tíì dé tí wọ́n fi dákẹ́."

Igbe tí Rájí ké lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà ní ìsọ̀ òdìkejì títì gbọ́ ọ. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀ òróró, ó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n gbé sílẹ̀. Fátókun ló fà á dìde, ló wọ aṣọ fún un, ló mú un dé Olúpọ̀nnà, wọ́n sì sin Kùdírátù kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀.

Nígbà tó padà sí Ìwó, àpò tí Fátókun fi gbé kíráńkì tó já náà wá ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó lè gbé e jù sínú igbó, kí ó sì máa bá ayé lọ, ta ni yóò mọ̀? Ó tú u. Ó fi kẹrosíìnì ra ọrùn tó já náà, ó nù ún gbẹ, ó wá bu ẹfun tó kúnná, ó fi pa á lára. Bí wọ́n ṣe máa ń yẹ irin wò fún àrùn inú nìyẹn. Bí irin bá ti sán níbì kan, kẹrosíìnì tó sá wọ ibẹ̀ á padà jáde láti kun ẹfun. Kò pẹ́ tí ìlà dúdú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fi ń yọ jáde nínú ẹfun funfun náà, wọ́n pọ̀ lọ jàra, wọ́n yí ọrùn náà ká ní ojú ibi tí búlúù ti wà gan-an. Rájí ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jáde. Òun ló pa á. Kò wá ọ̀rọ̀ mìíràn pè é.

Ó gba Olúpọ̀nnà lọ, ó pe Ràhámọ̀tù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ilé. Ojú ọmọbìnrin náà ti wú fún ẹkún. Rájí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ tó bí, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: omi tó ń ta sí i lẹ́nu, ààwẹ̀ tó ń bẹ̀rù pé yóò bàjẹ́, ẹnu páìpù tó yí, dáyámọ́ńdì tó bọ́, àwọ̀ búlúù tó fi sáńpépà pa rẹ́.

Ràhámọ̀tù di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bàbá Ìwó, ẹ dìde nílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Àmúwá Ọlọ́hun ni."

"Ràhámọ̀tù, èmi ni mo—"

"Àkókò wọn ló tó. Ààwẹ̀ lẹ̀ ń gbà, nítorí Ọlọ́hun lẹ ṣe ṣe é. Ṣé Ọlọ́hun á wá fi ìyẹn bi yín ni? Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́."

Ó sọ ọ́ fún Fátókun, Fátókun ní irin a máa dá. Ó sọ ọ́ fún àwọn àgbà ilé, wọ́n ní kó ṣe sùúrù, ìbànújẹ́ ló ń dà á láàmú. Kò sí ẹni tó gba ẹ̀ṣẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bá a wí. Ó ń gbé e káàkiri bí ẹni tó gbé ẹrù dání tí gbogbo ilé tó kàn ń sọ pé kì í ṣe tiwọn. Ó ní ohun kan ṣoṣo tó fi ń mí: ó kéré tán, kì í ṣe eré ló ń ṣe, ẹ̀sìn ló ń dáàbò bò.

Ìyẹn náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ fídáù.

Ìta ilé kún fún èèyàn. Wọ́n tẹ́ ẹní fún àwọn ọkùnrin, Rájí sì jókòó níwájú gẹ́gẹ́ bí àbúrò òkú. Ràhámọ̀tù wà lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ní òdìkejì, ó fi ìborùn bojú dé ìdajì. Aáfà Yẹ̀kínì, aáfà àgbà tó ti darúgbó, ló ń ṣe wáàsí. Ó sọ̀rọ̀ nípa ikú, ó sọ̀rọ̀ nípa àánú, ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tí Kùdírátù jẹ́ fún yín," ni Aáfà wí. "Ọdún tó kọ́kọ́ dá nìkan jókòó ti ẹ̀rọ yìí, ààwẹ̀ bá a nídìí rẹ̀. Ó wá bá mi nílé. Ó kúnlẹ̀, èlùbọ́ ti sọ gbogbo orí àti ojú rẹ̀ di funfun bí arúgbó. Ó ní, 'Aáfà, ìyẹ̀fun ń fò wọ̀ mí lẹ́nu, ó ń wọ̀ mí nímú. Ṣé ààwẹ̀ mi ti bàjẹ́ ni? Ṣé kí n ti ẹ̀rọ pa títí oṣù á fi parí?' Mo ní, 'Kùdírátù, gba ìdí ẹ̀rọ rẹ lọ. Ohun tó bá ń fò sí oníṣẹ́ lẹ́nu nídìí iṣẹ́ rẹ̀, tí kò mọ̀ọ́mọ̀ gbé e mì, kò ba ààwẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Àwọn aáfà àtijọ́ ti tú u palẹ̀ tipẹ́tipẹ́, Ọlọ́hun kò ni wá lára tó bẹ́ẹ̀.' Kò tilẹ̀ jókòó gba omi àlejò pé kó fi ṣínu. Ó dúpẹ́, ó sáré padà lọ lọ èlùbọ́ àwọn èèyàn. Ẹni tó ń béèrè ni. Kí Ọlọ́hun tẹ́ ẹ sí àlùjánńà."

Gbogbo ìta pariwo àmín. Rájí sorí kọ́. Ó ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ohùn Aáfà, ó sì ń rí i lórí bẹ́ǹṣì ilé iṣẹ́ rẹ̀, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa irin lára. Kùdírátù mọ̀ ọ́n. Ó ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Ká ní ó bi í léèrè lọ́jọ́ yẹn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, omi yìí ń ta sí mi lẹ́nu," ẹ̀rín ni ìbá fi rín in, tí yóò sì ní kó ṣí omi. Ẹni tó pọ̀n ọ́n, ojú ha ń tì í lọ́dọ̀ tirẹ̀ náà bí?

Ó gbójú sókè, ojú òun àti Ràhámọ̀tù sì ṣe mẹ́rin. Òye ti yé ọmọbìnrin náà. Gbogbo ohun tí Bàbá Ìwó sọ fún un lẹ́yìn ilé, ó ti ní ìdáhùn báyìí, ìdáhùn náà kò sì jọ àmúwá Ọlọ́hun. Ó wò ó díẹ̀, ó fa ìborùn rẹ̀ wálẹ̀, ó bo ojú tán.

Rájí ò ṣiṣẹ́ mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó kó gbogbo ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ jáde, ó ń fi asẹ́ sẹ́ ẹ títí dáyámọ́ńdì kékeré náà fi tàn yinrin lójú oòrùn. Ó yọ́ idẹ, ó lẹ̀ ẹ́ padà mọ́ orí ọ̀pá, ó gbé e síbi tó ti ń wà tẹ́lẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba èyí tó kù nínú ààwẹ̀ mẹ́fà náà, kì í ṣe nítorí ẹ̀san mọ́, kò kàn mọ ohun mìíràn tó lè ṣe ni.

Ibẹ̀ ni Ràhámọ̀tù bá a. Fátókun ló ru kíráńkì àlòkù kan tẹ̀lé e, ó gbé e kalẹ̀, ó sì jáde. Ràhámọ̀tù kúnlẹ̀ kí i, ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó sí.

"Àwọn obìnrin ti tún ń rìn lọ sí Ilé-Ogbó," ló wí. "Èmi ni mo máa jókòó ti ẹ̀rọ náà."

"Wọ́n lè bá ọ gbé e dé Ìbàdàn," ni Rájí wí, kò lè wo ojú rẹ̀. "Àwọn tó mọ̀ ọ́n ju èmi lọ wà níbẹ̀."

"Bàbá Ìwó." Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ẹ ṣí omi rẹ̀ kó pọ̀."

Rájí gbé kíráńkì náà sórí ẹ̀rọ. Ó yí ẹnu páìpù títí kò fi yí mọ́, omi funfun tú jáde gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ó pọ́n òkúta, ó gbé e kan irin, ìkùukùu tutù náà sì gbéra. Ó ta sí i láyà, ó ta sí i lójú, ó ń bà lé e ní ètè, òun àti omijé rẹ̀ jọ ń ṣàn wálẹ̀. Ààwẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Kò tutọ́, kò sì mú aṣọ. Ó tẹ orí sídìí iṣẹ́, ó ń lọ ọ́ lọ.